Páálí káàdì baseball tó kù nílé àwọn òbí: kí ni ká ṣe sí i?

AyọBaltimore

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àwọn òbí mi ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí Abẹ́òkúta, bàbá mi sì ti ní kí kálukú àwa ọmọ wá kó ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò nínú bésímẹ́ǹtì kí wọ́n tó ta ilé. Tèmi ni páálí bàtà mẹ́ta tí káàdì baseball, ìyẹn ìwé pélébé tí wọ́n tẹ àwòrán eléré sí, kún inú wọn bámúbámú, láti nǹkan bí 1986 títí dé 1993. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ wọ́n, Topps ló pọ̀ jù, Donruss àti Fleer tẹ̀ lé e, Upper Deck ò tó nǹkan. Àwọn Orioles, ẹgbẹ́ Baltimore wa, wà lọ́tọ̀, rọ́bà ni mo fi dì wọ́n, Cal Ripken, ìràwọ̀ wọn, ló wà lókè pátápátá.

Ìyàwó mi ní kí n tà á. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní kí n fún òun. Èmi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo ṣí páálí àkọ́kọ́, tí òórùn ṣingọ́ọ̀mù àtijọ́ yẹn bá mi nímú, gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò wa ló padà wá sí mi lọ́kàn, títí kan àwọn tí mo ti gbàgbé orúkọ wọn. Ṣé owó wà nínú ẹrù yìí? Tí mi ò bá tà á, báwo la ṣe ń tọ́jú ẹ̀? Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe sí tiyín?

Ẹ̀gbọ́nHouston

Ayọ̀, o kú ìpalẹ̀mọ́. Kí Ọlọ́run mú àwọn òbí wa délé láyọ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́nà. Ìgbà tí o dárúkọ yẹn gan-an ni àwọn oníkáàdì níbí ń pè ní "junk wax", ìyẹn ìgbà tí káàdì pọ̀ lọ́jà jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Topps nìkan ló ní àṣẹ láti máa ta káàdì àwọn eléré Major League, líìgì baseball tó ga jù, pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù. Fleer gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ dá wọn láre ní 1980, nígbà tó fi máa di 1981, Fleer àti Donruss ti wọ ọjà. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wá dá àṣẹ ṣingọ́ọ̀mù padà fún Topps, ìdí nìyẹn tí Fleer fi ń fi sítíkà sínú tiẹ̀, tí Donruss sì ń fi àwòrán gígé tí ọmọdé máa tò pọ̀ sínú tiẹ̀. Score dé ní 1988, Upper Deck dé ní 1989. Gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́ láìsinmi. Àwọn àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ní páálí-páálí, wọ́n ń kó o pamọ́ pé ó máa di owó yunifásítì fún ọmọ lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí gbogbo èèyàn sì ti tọ́jú tiwọn, kí ló máa wá wọ́n níbẹ̀? Àwọn eléré daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1994, World Series ọdún yẹn, ìyẹn ìdíje àṣekágbá, ò wáyé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bínú kúrò nídìí eré náà. Láti ìgbà yẹn ni páálí bíi tìrẹ ti wà káàkiri ilé ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, owó ìfìwéránṣẹ́ gan-an máa ju iye tí wàá tà á lọ. Ṣùgbọ́n má torí ìyẹn dà á nù. Fara balẹ̀ wo inú ẹ̀ fún Ken Griffey Jr., nọ́ńbà 1 nínú Upper Deck 1989. Wo Frank Thomas nínú Topps 1990, bóyá èyí tí wọ́n gbàgbé láti tẹ orúkọ rẹ̀ sí iwájú lo ní. Mariano Rivera wà nínú Bowman 1992, tí Topps tẹ̀, Derek Jeter wà nínú SP 1993, tí Upper Deck tẹ̀. Topps 1991 tí àmì wúrà Desert Shield bá wà lára ẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó wà lójú ogun ní apá Gulf ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún, ó ṣọ̀wọ́n. Ìwọ tó o tún jẹ́ ọmọ Baltimore, wá Fleer 1989 dáadáa: Billy Ripken, àbúrò Cal, ló gbé igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lé èjìká, ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá kan sì wà ní ìdí igi náà tí wọn ò rí títí káàdì fi jáde. Lẹ́yìn náà ni Fleer ń wá ọ̀nà láti bò ó, ẹ̀dà oríṣiríṣi ló sì wà nítorí ẹ̀.

ÌbàdànLèmiWà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èmi ò dé Amẹ́ríkà rí. Mo gbọ́ pé wọ́n ta káàdì kan ní mílíọ̀nù dọ́là. Ṣé ìwé pélébé tí ọmọdé fi ń ṣeré yìí náà ni?

Ẹ̀gbọ́nHouston

Òun náà ni. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé ni ti Honus Wagner, eléré Pittsburgh. Inú pákẹ́ẹ̀tì sìgá ni American Tobacco Company ń fi irú káàdì yẹn sí láàárín 1909 sí 1911. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti Wagner ló jáde kí wọ́n tó dá a dúró. Wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là ní 2022. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Mickey Mantle, eléré New York Yankees, ti Topps 1952, nọ́ńbà 311, lọ ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là.

Ìtàn Mantle yẹn ló máa ń dùn mí jù. Sy Berger ló bá Topps ya àwọn káàdì 1952 yẹn. Apá tó gbẹ̀yìn nínú wọn pẹ́ kó tó jáde, àsìkò baseball ti ń tán lọ, àwọn ọmọdé ti ń ronú bọ́ọ̀lù míì, ọjà ò yá. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1960, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Berger fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà. Mantle wà nínú ohun tí wọ́n dà sómi lọ́jọ́ náà. Ìyókù tó wà nílé àwọn ọmọdé, wọ́n fi ṣeré títí ó fi gbó. Wọ́n á fi pẹ́ẹ̀gì tí ìyá wọn fi ń sá aṣọ há a mọ́ wáyà kẹ̀kẹ́ kó lè máa dún pàrà-pàrà bí wọ́n bá ń gùn ún. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ òkun, tó bọ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, kò pọ̀.

ÌbàdànLèmiWà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó yé mi wàyí. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ.

MàmáChicago

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tẹnu mi, nítorí àwa ìyá la san owó káàdì yẹn.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjèèjì wà ní kékeré, alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọjọ́ Sátidé la máa ń lọ ra oúnjẹ. Ibi tí èèyàn ti ń sanwó gan-an ni wọ́n pàtẹ káàdì sí, ní ọ̀gangan ojú ọmọdé, kò sí ìyá tó máa kọjá níbẹ̀ láìgbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bàbá wọn kọ́kọ́ rò pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń fi ta, ó ní òun ò fẹ́ rí i nínú ilé òun. Ẹ̀yìn káàdì ló yí i lọ́kàn padà. Ó bá àkọ́bí wa níbi tó dojú bolẹ̀ sí lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó mú pẹ́ńsùlù dání, ó ń ṣe ìpín. Eléré tó bá gbá bọ́ọ̀lù re ní ìgbà 150 nínú ìgbà 500, .300 ni wọ́n máa kọ sí i lẹ́yìn. Ọmọ yẹn wá fẹ́ mọ iye tí ì bá jẹ́ ká ní ìgbà 160 ni. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Bàbá wọn dúró, ó wò ó, ó jókòó tì í. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di pé bí ìwé kíkà bá parí láìsí ariwo, kálukú á ṣí pákẹ́ẹ̀tì kan.

Topps 1987 ni mo rántí jù, èyí tí wọ́n fi àwòrán pákó yí etí ẹ̀ ká. Ọdún yẹn ni Andre Dawson dé ọ̀dọ̀ àwọn Cubs, ẹgbẹ́ Chicago níbí, tó gbá home run 49, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò jáde kúrò ní pápá, tí wọ́n sì fi jẹ́ eléré tó pegedé jù ní National League. Èmi tí mi ò dé pápá Wrigley rí nígbà yẹn, mo mọ Dawson dáadáa nítorí ariwo tí wọ́n ń pa nínú yàrá.

Ayọ̀, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Kí Bàbá àti Màmá tó wọ ọkọ̀ òfurufú, gbé páálí yẹn síwájú wọn. Má bi wọ́n ní ìbéèrè ńlá. Fa káàdì kan yọ, kí o bi wọ́n pé: ta ló ra eléyìí, níbo là ń gbé nígbà yẹn? Ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá ọ sọ rí á jáde, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, iye tó ń wọlé, ohun tí wọn ò rà fún ara wọn kí ẹ̀yin lè rí tiyín. Tí wọ́n bá ti dé Abẹ́òkúta, orí fóònù ni gbogbo ẹ̀ máa di, ìyẹn ò sì tó ká jókòó pọ̀.

AyọBaltimore

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni màá gbé e lọ bá wọn.

TítíBronx

Àwa obìnrin náà kó káàdì jọ o! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ní tiwa. Donruss la fẹ́ràn nítorí àwòrán gígé tí Ẹ̀gbọ́n Houston sọ yẹn. Ti 1987, Roberto Clemente, eléré Pittsburgh, ni wọ́n yà sí i, ègé 63 ni gbogbo ẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń bá káàdì wá. A tẹ́ pátákó kan sórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Bronx, ibẹ̀ la ti ń tò ó. Bàbá àgbà kan wà tó ń gbé nísàlẹ̀, ọmọ Puerto Rico ni. Ọjọ́ tó rí ẹni tí à ń tò, ó bọ́ fìlà, ó jókòó tì wá lórí àtẹ̀gùn. Òun ló sọ fún wa pé ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn 1972, Clemente bá ọkọ̀ òfurufú tó kó oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri ba ilé wọn jẹ́ ní Nicaragua, ọkọ̀ náà sì já sínú òkun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn eléré ńlá, wọn ò jẹ́ kó pé ọdún márùn-ún tí òfin wí. Bàbá yẹn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó fi Clemente kọ́ wa ní ilé ìwé.

A ò rí àwòrán yẹn parí. Ojú wà, fìlà wà, èjìká kan ò sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé ní London, mo rí gbogbo ègé 63 náà lórí eBay ní owó táṣẹ́rẹ́. Mo mú apá òkè, mo fi apá ìsàlẹ̀ ránṣẹ́ sí i, a sì tò ó lórí fídíò, òun níbẹ̀, èmi níbí. Nígbà tó kan èjìká yẹn, ó ní kí n dúró ná.

Ìmọ̀ràn tèmi: kó o tó pinnu pé o fẹ́ ta nǹkan kan, yọ àwọn tó ní ìtàn sọ́tọ̀. Ẹni tó fún ọ, ẹni tó o bá ṣe pàṣípààrọ̀, ọjọ́ tó o gbà á. Kọ ọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀, kó o fi sẹ́yìn káàdì náà nínú ọ̀rá rẹ̀. Má kọ nǹkan kan sára káàdì.

Atọ́júÌwé

Iṣẹ́ mi ni títọ́jú ìwé àti fọ́tò àtijọ́ ní ilé ìkàwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìtọ́jú.

Ayọ̀, rọ́bà yẹn lo máa kọ́kọ́ mú kúrò, lónìí tó bá ṣeé ṣe. Má fà á o. Rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ etí káàdì, tó o bá fà á, ó máa ya bébà lọ. Fi sísọ́ọ̀sì gé e, kó o fara balẹ̀ ṣí i kúrò. Ripken tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ni rọ́bà máa ti jẹ jù.

Fọ ọwọ́ rẹ, nù ún gbẹ. Káàdì tó o bá fẹ́ràn, kọ́kọ́ kì í bọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, kó o wá ki ọ̀rá yẹn bọ inú toploader, ìyẹn èyí tó le. Ìyókù lè wọ páálí funfun tí wọ́n ṣe fún káàdì. Tó bá jẹ́ álíbọ́ọ̀mù lo fẹ́, ra ewé tó ní àpò mẹ́sàn-án, kó o sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí i pé kò ní PVC, irú ike kan tó ń ba káàdì jẹ́. Ewé ọ̀rá àtijọ́ tó máa ń rùn bí èèyàn bá ṣí i, PVC ló wà nínú ẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àwòrán, ó sì máa ń sọ ojú káàdì di olómi. Bó o bá bá irú ẹ̀ nílé, yọ káàdì kúrò nínú ẹ̀.

Upper Deck àti Stadium Club ti Topps, àwọn tó ń dán, máa ń lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rinrin bá ti bá wọn nínú bésímẹ́ǹtì. Má fi ọ̀bẹ là wọ́n. Tẹ̀ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí apá kan, lẹ́yìn náà sí apá kejì, títí afẹ́fẹ́ á fi wọ àárín wọn. Àwọn kan máa ya, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí ìyẹn. Àbàwọ́n ṣingọ́ọ̀mù tàbí ti bébà oní-wax tí wọ́n fi wé pákẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn Topps, fi í sílẹ̀. Má fi omi nù ún, má gé etí tó ti wú, má fi áyọ́ọ̀nù sí i.

Níbo lo máa gbé e sí? Inú yàrá tí èèyàn ń gbé. Gáréèjì máa ń gbóná jù lásìkò ẹ̀rùn, bésímẹ́ǹtì máa ń tutù jù. Ohun kan wà tí mo tún fẹ́ bẹ̀ ọ́ sí: má jẹ́ kó bá ẹrù àwọn òbí rẹ wọ kọ̀ǹténà lọ sí Abẹ́òkúta. Ooru inú kọ̀ǹténà, òógùn tó ń kán láti òrùlé rẹ̀, àti ìdúró ní èbúté Àpápá, bébà ò lè fara da gbogbo ìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé eré ọmọdé nìyí, kó wo iṣẹ́ Jefferson Burdick ti Syracuse. Káàdì baseball tó kó jọ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, yàtọ̀ sí àwọn káàdì míì, ó sì kó gbogbo ẹ̀ fún ilé ọnà Metropolitan ní New York. Oríkèé ríro ti mú un lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ń lọ síbẹ̀ láti máa lẹ̀ wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù níkọ̀ọ̀kan. Oṣù kìíní 1963 ló parí iṣẹ́ náà, ó kú ní oṣù kẹta. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ọ̀wọ́ káàdì Wagner lónìí, T206, òun ló fún un nínú ìwé àkójọ tó ṣe.

Ọlọ́jàNJ

Mo máa ń pàtẹ ní ibi ìpàtẹ káàdì lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́ tèmi náà. Tí Griffey tàbí Jeter bá jáde nínú páálí yẹn tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì mú, fi ránṣẹ́ sí PSA tàbí SGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, kí wọ́n fún un ní máàkì. Láti 1 dé 10 ni. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín 10 àti 8 pọ̀ gan-an. Ìyókù, tà á lápapọ̀. Kó o tó dá iye lé e, má wo iye tí àwọn èèyàn ń béèrè lórí eBay, wo iye tí wọ́n ti tà á gan-an. Ibẹ̀ ni òótọ́ wà.

Ẹ̀gbọ́nHouston

Ọlọ́jà, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán. Owó lo máa san lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, wàá dúró, ó sì lè padà pẹ̀lú 7. Káàdì tí ọmọdé ti fọwọ́ pa láti 1989, ìgbà mélòó ni igun rẹ̀ máa mú? Bó bá sì ti wọ ike líle yẹn tán, kò sí ẹni tó máa rí i fọwọ́ kàn mọ́. Èyí tó bá jẹ́ ti ọjà, kó lọ sí ọjà. Ripken tí Ayọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì ní rọ́bà ò sí lára ìyẹn.

Ọlọ́jàNJ

Ti Ripken, mo gbà. Àmọ́ tó bá jẹ́ Griffey tó mọ́ tónítóní, ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó fi í sílẹ̀ láìgba máàkì. Ọjà ti yí padà. Fanatics, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà eré ìdárayá, ló ni Topps láti 2022, ojú àwọn èèyàn tún ti là sí káàdì.

Ẹ̀gbọ́nHouston

Ó dáa. Griffey nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n tún yà bàrá díẹ̀, nítorí èyí kì í ṣe baseball. Èmi náà ní páálí tèmi, ẹyọ káàdì kan sì wà níbẹ̀ tí mi ò ní tà láéláé. Fleer 1986 ti basketball, nọ́ńbà 82. Ẹni tó wà lára ẹ̀ ni Olajuwon, ọmọ Èkó, tó gbá bọ́ọ̀lù ní University of Houston kí Rockets, ẹgbẹ́ Houston, tó mú un ṣáájú gbogbo èèyàn ní 1984. "Akeem" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kó tó di pé ó ní kí wọ́n fi H síwájú orúkọ òun ní 1991. Nílé ìwé wa nígbà yẹn, bí olùkọ́ bá ti ń pe orúkọ, tó dé orí tèmi, á dákẹ́, á gbé ojú sókè, gbogbo kíláàsì á sì yíjú sí mi. Ọjọ́ tí mo fa káàdì yẹn yọ nínú pákẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí orúkọ ilé wa tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà-gadagba, tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bẹ̀ mí pé kí n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n pè é, wọn ò ṣì í pè. Wọ́n fún mi ní káàdì márùn-ún lórí ẹyọ kan, mo kọ̀.

MàmáChicago

Kò yà bàrá rárá. Ọ̀rọ̀ tí a jókòó lé gan-an nìyẹn.

AdéMiami

Ẹ̀gbọ́n, omi lé mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àdúgbò wa kún un. Níbi ìpàtẹ káàdì ní Miami, àwọn àgbàlagbà Cuba ni wọ́n máa ń pọ̀ jù nídìí àwọn káàdì 1950. Minnie Miñoso, eléré baseball ọmọ Cuba, ni wọ́n ń wá. Perico ní ìpínlẹ̀ Matanzas ni wọ́n ti bí i, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá fún White Sox, ẹgbẹ́ Chicago kejì, ní 1951, ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà á sí Hall of Fame, ó sì ti kú nígbà yẹn. Matanzas yìí wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí oko ìrèké, àwọn ọmọ wọn ṣì ń kọrin fún Ọ̀ṣun àti Ṣàngó níbẹ̀ títí dòní. Bàbá kan gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó fi Miñoso rẹ̀ hàn mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún Yemọja, mo bá a gbè é. Bó o bá ń lọ síbi ìpàtẹ, Ayọ̀, mú ọmọ rẹ dání, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan. Ẹ kàn jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀.

BàbáỌmọMẹ́rin

Èmi fẹ́ sọ ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, torí òun la fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Má gbé páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Á fi ṣeré lọ́jọ́ kìíní, á fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Fún un ní ìlọ́po méjì àti mẹ́ta, àwọn tó o ní ju ẹyọ kan lọ, kó fi ṣe ohun tó bá wù ú. Kó há a mọ́ wáyà kẹ̀kẹ́, ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá checklist jáde nínú páálí, káàdì tí wọ́n to orúkọ sí tí àpótí kékeré wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó dá mi lójú pé o ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí tìrẹ. Jẹ́ kó rí àmì rẹ. Kó rí ibi tó o ti dúró.

Topps 1987, 792 ni gbogbo wọn. Ẹ jọ to tiyín sílẹ̀, ẹ wo èyí tó kù, ẹ máa wá a. Èèyàn lè ra gbogbo ẹ̀ lódidi ní owó kékeré, ṣùgbọ́n má rà á. Wíwá a ni adùn rẹ̀. Kó o sì ra ti ìsinsìnyí fún un, kó ní tirẹ̀. Oṣù kejì ni Series 1 ti Topps sábà máa ń jáde. Orioles ní Gunnar Henderson báyìí, tó gba àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun ní American League ní 2023. Ẹ gbé Henderson sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ripken, ẹ wo ohun tí ọmọ yẹn máa bi ọ́.

AyọBaltimore

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé rọ́bà náà. Ó jẹ Ripken lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Billy Ripken wà níbẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n fi dúdú bò ni. Ọmọ mi béèrè ohun tó wà lábẹ́ dúdú yẹn, mo ní kó dúró di ìgbà tó bá dàgbà.

Màmá Chicago, mo gbé páálí síwájú wọn bí ẹ ṣe wí. Bàbá mi mú Eddie Murray kan, ó ní òun rántí, ó ní ọjọ́ tí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ tó dúró ire lòun ra pákẹ́ẹ̀tì yẹn bọ̀ láti ilé epo. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Màmá mi tún un ṣe, ó ní kì í ṣe ọjọ́ yẹn, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni. Wọ́n jiyàn lórí ẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Mo gba gbogbo ẹ̀ sórí fóònù.

Pákẹ́ẹ̀tì Topps 1988 kan wà tí a ò tíì ṣí, ọmọ mi fẹ́ ṣí i kó sì jẹ ṣingọ́ọ̀mù inú ẹ̀. Ṣé kò léwu?

Atọ́júÌwé

Ẹ ṣí i, ẹ má jẹ ẹ́. Á ti gbẹ, á fọ́ bí awo, á sì ti lẹ̀ mọ́ káàdì kan. Ra tuntun fún un kó máa jẹ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí i.

BàbáỌmọMẹ́rin

Kí ló kù fún ẹ nínú 1987?

AyọBaltimore

A tò ó títí ilẹ̀ fi ṣú lánàá, a ò tíì dé ìdajì. Nínú àwọn Orioles, Fred Lynn ò sí, Mike Boddicker ò sí.

BàbáỌmọMẹ́rin

Mo ní Lynn méjì. Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo ń wá Bo Jackson fún àbíkẹ́yìn mi, èyí tí wọ́n kọ Future Stars sí.

AyọBaltimore

Bo Jackson wà. Igun kan ti ṣẹ́.

BàbáỌmọMẹ́rin

Kò burú. Fi ránṣẹ́.

MàmáChicago

Ayọ̀, ọmọ mi, bá mi wò ó bóyá Dawson 1988 wà níbẹ̀. Ti 1987, aṣọ Montreal ló ṣì wọ̀ níbẹ̀. Aṣọ Cubs ni mo fẹ́.

AyọBaltimore

Méjì ló wà níbí, mà. Màá fi èyí tó mọ́ jù ránṣẹ́ lọ́la.